Adágún tó pa èèyàn 1,746 lóru ọjọ́ kan

1.
Bí wọ́n bá dárúkọ òkè ayọnáyèéfín, èyí tí wọ́n ń pè ní volcano nílé ìwé, ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni òkè gíga, iná pupa tó ń ṣàn, èéfín dúdú lójú ọ̀run, àwọn èèyàn tó ń sá kíjokíjo. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù nìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí ò yọ iná. Kò yọ èéfín. Adágún omi ni, omi tó tòrò mini, Kamẹrúùnù tó múlé gbè wá ló sì wà. Òru ọjọ́ kan péré ló fi pa èèyàn 1,746. Ọ̀rọ̀ gígùn ni o. Ẹ wá ibi jókòó sí.

2.
Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986. Agbègbè olókè kan ni, ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Kamẹrúùnù, kò jìnnà sí ẹnubodè Nàìjíríà. Àgbẹ̀ àti darandaran ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń dáko nínú àfonífojì, àwọn Fúlàní ń da màlúù lórí òkè. Nígbà tó di nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ti jẹun tán, àwọn mìíràn ti sùn. Àwọn kan gbọ́ ìró kan tó ń kù láti apá ibi tí adágún Nyos wà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan dákẹ́.

3.
Ilẹ̀ mọ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ò lọ. Àkùkọ ò kọ. Ẹyẹ ò ké. Kòkòrò pàápàá ò dún. Òkú èèyàn wà lórí ibùsùn, lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Màlúù àti ẹran ọ̀sìn mìíràn, nǹkan bí 3,500, nà gbalaja sínú pápá. Ohun tó tún wá bani lẹ́rù jù ni pé kò sí eṣinṣin lórí òkú wọ̀nyẹn. Àwọn eṣinṣin náà ti kú.

4.
Ẹ wá wò ó o. Ilé kankan ò jó. Òrùlé kankan ò ṣí. Kò sí àpá ogun níbì kankan. Fìtílà ti kú, epo sì wà nínú ẹ̀ síbẹ̀. Abúlé Nyos, Kam, Cha àti Subum ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, ó sì ba àwọn tó wà níbi tó tó kìlómítà 25 sí adágún náà. Àwọn kan ò kú, wọ́n dákú ni. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi sùn bẹ́ẹ̀, òmíràn di ọjọ́ kejì kó tó lajú. Wọ́n jí, wọ́n pe ìyàwó, wọ́n pe ọmọ. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

5.
Níbi tí àlàyé ò bá sí, àhesọ ló ń gba ibẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Shimon Peres, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, dé sí Kamẹrúùnù, torí pé orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà di ọ̀rẹ́. Ó kó àwọn dókítà dání láti ṣèrànwọ́. Lẹnu bá bẹ̀rẹ̀: àdó olóró ni wọ́n dán wò níbẹ̀, irú èyí tó ń pa èèyàn tí kì í wó ilé! Àwọn mìíràn ní àwọn alálẹ̀ ló bínú. Títí dòní, ẹ ṣì máa rí ẹni tó máa búra fún yín pé bọ́ǹbù ni.

6.
Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Àwọn kan nínú àwọn tó yè ní egbò lára bíi ti ẹni tí iná jó. Èèyàn sì ti kú tán nílé tí ìkòkò ṣì wà lórí ààrò. Ta ló máa rí ìyẹn tí á rò pé omi ni? Àmọ́ omi ni. Ká tó lè mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó di dandan ká kọ́kọ́ wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ.

7.
Ilẹ̀ tá a tẹ̀ yìí kì í ṣe odindi kan. Ó dà bí èèpo ẹyin bíbọ̀ tó ti sán: awẹ́ ńláńlá ni, wọ́n wà lórí àpáta tó gbóná gan-an, wọ́n sì ń rìn díẹ̀díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún, bí èékánná wa ṣe ń hù. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn ibì kan wà tí àpáta ti ń yọ́. Àpáta tó yọ́ fúyẹ́ ju èyí tó yí i ká lọ, torí náà ó ń wá ọ̀nà àtigòkè. Bó bá rí ibi tí ilẹ̀ ti sán, ó gba ibẹ̀ jáde. Òkè ayọnáyèéfín ò ju ìyẹn lọ: ẹnu tí inú ilẹ̀ ń gbà bì.

8.
Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan: awẹ́ méjì ń fà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, àpáta yíyọ́ wá gba àárín wọn jáde. Bó ṣe rí ní Iceland nìyẹn, àti ní àfonífojì ńlá tó la Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Èkejì: awẹ́ kan wọ abẹ́ èkejì lọ, omi tó bá a wọlẹ̀ sì mú kí àpáta tó wà lókè ẹ̀ tètè yọ́. Ibẹ̀ ni Jàpáànù àti Indonéṣíà ti rí tiwọn. Ẹ̀kẹta: ooru gbá jọ sábẹ́ àárín awẹ́ kan, ó sì lu ú yọ, bíi ti Hawaii.

9.
Ti Kamẹrúùnù wá dá yàtọ̀. Ìlà kan ni, ó gùn tó nǹkan bí 1,600 kìlómítà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti erékùṣù Annobón nínú òkun Àtìláńtíìkì, ó gba São Tomé, ó gba Príncipe, ó gba Bioko, ó gòkè sí èbúté ní Òkè Kamẹrúùnù, ó wá gba àárín àwọn òkè Oku kọjá lọ sókè. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan tiẹ̀ wọ Nàìjíríà, ní Biu, ìpínlẹ̀ Borno. Bẹ́ẹ̀ ni, Biu tiwa yẹn náà. Ìdí tí wọ́n fi tò báyẹn, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí.

10.
Nínú gbogbo wọn, Òkè Kamẹrúùnù ló lórúkọ jù. Ó ga ju 4,000 mítà lọ, ó sì ṣì ń yọ iná: 1922, 1959, 1982, 1999, 2000. Ti 1922, àpáta yíyọ́ ṣàn títí ó fi wọnú òkun. Irú òkè báyẹn, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ń mi ilẹ̀, iná ẹ̀ ń hàn lóru, èèyàn á sì ti sá kó tó débẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: èyí tó ń pariwo lójú ń wò. Èyí tó dákẹ́, wọ́n ń pọn omi ẹ̀ mu.

11.
Ohun tí à ń gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ òkè ayọnáyèéfín ni gáàsì. Ẹ mú ìgò mínírà kan dání. Bẹ́ ẹ bá ń wò ó báyẹn, ẹ ò ní rí nǹkan kan tó ń hó, bẹ́ẹ̀ gáàsì kún inú ẹ̀. Ìdérí yẹn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ mì ín dáadáa kẹ́ ẹ wá ṣí i. Aṣọ yín ló máa sọ ìyókù. Gáàsì inú mínírà yẹn, carbon dioxide, náà ló ń yọ́ jáde nínú ilẹ̀ ibi tí òkè ayọnáyèéfín bá wà. Iná lè má jáde mọ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, gáàsì á ṣì máa jáde ní tiẹ̀.

12.
Báwo wá ni adágún ṣe débẹ̀? Láyé ọjọ́un, àpáta yíyọ́ ń gòkè bọ̀ ní Nyos, ló bá pàdé omi abẹ́ ilẹ̀. Ẹ ti rí i nígbà tí wọ́n da omi sínú epo gbígbóná rí? Ó jọ ọ́, àmọ́ ẹ sọ ọ́ di ńlá. Omi yẹn di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, ó bú gbàmù, ó sì dá kòtò ńlá sílẹ̀. Nígbà tó yá, omi òjò àti omi ìsun kún kòtò náà. Adágún dé. Ó gùn tó kìlómítà méjì, ó jìn tó 208 mítà. Òkè yí i ká, koríko tútù wà létí ẹ̀. Ibi tó rẹwà ni, kò sí irọ́ níbẹ̀.

13.
Nísàlẹ̀ adágún yìí, gáàsì ń wọlé, ó ń yòrò sínú omi. Omi tó wà lórí ẹ̀ wúwo débi pé ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po ogún ohun tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ àwa lórí ilẹ̀. Ìdérí mínírà wa nìyẹn. Ní ilẹ̀ òtútù, bí ìgbà bá yí padà, omi òkè á tutù, á wúwo, á rì sísàlẹ̀, tìsàlẹ̀ á gòkè, gáàsì á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbi tí ooru wà yíká ọdún, omi adágún tó jìn báyẹn kì í sábà pò pọ̀. Tòkè wà lókè, tìsàlẹ̀ wà nísàlẹ̀. Gáàsì yẹn ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, kò rí ọ̀nà jáde.

14.
Lálẹ́ ọjọ́ 21 yẹn, nǹkan kan ru omi ìsàlẹ̀ sókè. Àwọn kan ní ilẹ̀ ló ya wọnú adágún, àwọn kan ní òjò tútù àti atẹ́gùn ni. Èyí ó wù kó jẹ́, bí omi ìsàlẹ̀ ṣe gòkè, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn dín kù, gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Híhó yẹn fa omi míì gòkè, ìyẹn náà tún hó. Ìgò ti ṣí nìyẹn. Omi fò sókè fíofío. Ó kéré tán, 100,000 tọ́ọ̀nù gáàsì ló jáde. Àwọn onímọ̀ mìíràn fojú bù ú jùyẹn lọ dáadáa. Omi adágún lọ sílẹ̀ tó mítà kan. Ó sì pupa, torí irin tó wà nínú omi ìsàlẹ̀ ti bá a gòkè, ó dógùn-ún.

15.
Carbon dioxide wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Torí náà kò fò lọ sójú ọ̀run. Ó ṣàn bí omi. Ó gba etí adágún, ó wọ àfonífojì lọ, ibi tí abúlé wà, bíi kùrukùru tó nípọn tó nǹkan bí 50 mítà. Níbi tó bá dé, ó lé ọ́síjìn kúrò. Ìdí tí fìtílà fi kú tòun tepo nínú ẹ̀ nìyẹn: iná náà nílò ọ́síjìn. Bí gáàsì yìí bá pọ̀ tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ téèyàn ń mí, kò ní pẹ́ tónítọ̀hún á fi dákú. Ti Nyos pọ̀ jùyẹn lọ fíìfíì. Ẹni tó ń sùn ò jí mọ́. Ẹni tó ń rìn ṣubú síbi tó dé.

16.
Ẹ wá wo ẹni tó yè. Àwọn tó wà lórí òkè. Ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó kú àti ẹni tó yè, nígbà míì, ò ju pé ilé ẹnì kan wà lókè díẹ̀, ti ẹnì kejì wà nísàlẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó lẹ́ṣẹ̀ tàbí ẹni tí kò lẹ́ṣẹ̀. Gíga ilẹ̀ ni.

17.
Ibi tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ló kàn báyìí.
Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.
Ọdún méjì ṣáájú, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1984, ní Kamẹrúùnù yẹn kan náà, adágún Monoun ti ṣe irú ẹ̀. Èèyàn 37 ló kú. Ọkọ̀ kan ń kó èrò lọ, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kú lójú ọ̀nà, torí ẹ́ńjìnnì náà ń mí ọ́síjìn. Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ kú. Méjì tó jókòó sórí ọkọ̀ yè é. Òkè orí ọkọ̀ lásán o, òun ló yọ wọ́n.

18.
Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló ṣe wọ́n níkà ní Monoun. Haraldur Sigurdsson, onímọ̀ òkè ayọnáyèéfín ọmọ Iceland, lọ yẹ ibẹ̀ wò ní 1985. Ó gbé omi ìsàlẹ̀ jáde, ó rí i pé gáàsì kún inú ẹ̀, ó sì parí èrò sí pé adágún náà ló pa wọ́n. Irú nǹkan báyẹn, kò sẹ́ni tó ti kọ ọ́ sínú ìwé sáyẹ́ǹsì rí. Nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀ fi máa jáde ní 1987, Nyos ti ṣẹlẹ̀. Èèyàn 37 ò tó láti jẹ́ kí ayé yíjú síbẹ̀. Ó di ìgbà tó di 1,746.

19.
Àwọn kan sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ ṣáájú sáyẹ́ǹsì. Àwọn ará Kom, tí ilẹ̀ wọn wà ní agbègbè òkè yẹn kan náà, ní ìtàn kan nípa bí wọ́n ṣe ṣí dé ibi tí wọ́n wà. Wọ́n ní ọba Bamessi fi ẹ̀tàn pa àwọn ọkùnrin Kom sínú ilé tó ń jó. Ọba Kom wá pokùn so. Omi ara ẹ̀ kán sílẹ̀, ó di adágún, ẹja kún inú ẹ̀. Àwọn ará Bamessi yọ̀, wọ́n dájọ́ ìpẹja. Ọjọ́ tí gbogbo wọn wọ omi, adágún gbé wọn mì. Kom wá tẹ̀ lé ipa òjòlá kan títí wọ́n fi dé Laikom.

20.
Eugenia Shanklin, ará Amẹ́ríkà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àṣà àwọn èèyàn, ti pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Kom kí Nyos tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn 1986, ó padà síbi àwọn ìtàn báwọ̀nyí: adágún tó ń gbéra, adágún tó ń bú, adágún tó ń pa odindi ìlú. Ó kọ ọ́, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ òkè ayọnáyèéfín fúnra wọn ló sì gbé e jáde ní 1989. Ẹ gbọ́ o, àlọ́ àwọn àgbà inú ìwé àwọn tó ń wọn gáàsì!

21.
Mi ò sọ pé gbogbo ìtàn àtẹnudẹ́nu ló ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọba ò lè di adágún. Àmọ́ èèyàn kì í sábà jókòó lásán kó wá sọ pé adágún pa ìlú kan tán. Ní ìlú tí omi ò ti pa ẹnikẹ́ni rí báyẹn, ta ló máa ronú kàn án? Àwọn àgbà ò mọ carbon dioxide. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé adágún yẹn kì í ṣe ẹni à ń finú hàn. Wọ́n fi ìtàn dì í, kó má bàa sọnù. Àwa la ò tú ẹrù náà wò.

22.
Kódà lẹ́yìn Nyos, àwọn onímọ̀ ò tètè fẹnu kò. Oṣù kẹta ọdún 1987, wọ́n ṣèpàdé ní Yaoundé. Haroun Tazieff, onímọ̀ ńlá láti Faransé, wà lára àwọn tó ní òkè ayọnáyèéfín fúnra ẹ̀ ló bú lábẹ́ omi. Àwọn bíi George Kling láti Amẹ́ríkà ní rárá, gáàsì tó ti ń kó jọ tipẹ́ ló jáde. Ìyàn yẹn kì í ṣe ti ẹnu lásán o. Bó bá jẹ́ pé òkè ló bú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Bó bá jẹ́ gáàsì tó kó jọ, á jẹ́ pé ó tún ń kó jọ lọ́wọ́, á sì jẹ́ pé a lè dá a dúró. Wọ́n ń wọn omi náà lọ́dọọdún. Gáàsì ń pọ̀ sí i lóòótọ́.

23.
Ohun tí wọ́n wá ṣe sí i rọrùn débi pé ó lè pa yín lẹ́rìn-ín. Páìpù! Wọ́n ti páìpù gígùn kan bọ inú adágún títí dé nǹkan bí 200 mítà nísàlẹ̀. Wọ́n fi pọ́ǹpù fa omi ìsàlẹ̀ sókè díẹ̀. Bó ṣe ń gòkè, gáàsì inú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, híhó yẹn ló wá ń ti omi náà sókè fúnra ẹ̀. Wọ́n pa pọ́ǹpù, omi ò dúró. Oṣù kìíní ọdún 2001 ni èyí bẹ̀rẹ̀ ní Nyos, Michel Halbwachs àti ikọ̀ ẹ̀ láti Faransé ló darí ẹ̀. Omi ń fò sókè tó nǹkan bí 50 mítà. Monoun gba tiẹ̀ ní 2003. Wọ́n tún fi páìpù méjì kún ti Nyos ní 2011. Ìgò náà ti wá ń tú díẹ̀díẹ̀, dípò kó bú lẹ́ẹ̀kan.

24.
Ẹ̀yin ará Nàìjíríà tẹ́ ẹ ń sọ pé "kí ló kàn wá níbẹ̀?", ẹ máa bọ̀. Omi Nyos ń ṣàn jáde lápá kan, àpáta tí òkè ayọnáyèéfín bì sílẹ̀ ló sì sé e mọ́bẹ̀. Àpáta yẹn ò le. Bó bá ya, omi náà á gba odò wọ Katsina-Ala, á sì kọrí sí odò Benue. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ti ògiri àpáta yẹn lẹ́yìn. Torí ẹ̀ náà sì wà lára ìdí tí ìjọba wa fi kọ́ dáàmù Kashimbila ní Takum, ìpínlẹ̀ Taraba: bí omi bá dé, kó rí ohun tó máa dá a dúró. Dáàmù yẹn tún ń pèsè iná mànàmáná. Adágún Kamẹrúùnù ló bí i o.

25.
Kí wá ni wọ́n ń wá létí irú adágún báyẹn? Ohun tó ń pa wọ́n náà ló ń bọ́ wọn. Àpáta tí òkè ayọnáyèéfín bì, bó bá pẹ́, ó ń jẹrà di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Àgbàdo ń ṣe dáadáa níbẹ̀, koríko ò wọ́n fún màlúù. Ní ẹsẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti oko tíì lọ jàra. Bẹ́ẹ̀ ló rí káàkiri ayé. Òkè Tambora ní Indonéṣíà bú ní 1815, eruku àti gáàsì ẹ̀ bo ojú oòrùn débi pé ní 1816, Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà ò rí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, irè oko kú mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, èèyàn padà sẹ́sẹ̀ Tambora, wọ́n ń dáko.

26.
Torí náà, bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé àwọn ará Nyos fẹ́ padà sílé, ẹ má yà á lẹ́nu. Lẹ́yìn ìjàǹbá yẹn, ìjọba kó àwọn tó yè, tí wọ́n lé ní 4,000, lọ sí ibùdó méje: Buabua, Kimbi, Kumfutu, Ipalim, Esu, Upkwa, Yemge. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ti bímọ báyìí. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ bàbá wọn, sàréè àwọn èèyàn wọn ò sì sí níbẹ̀. Àwọn kan ti dá padà fúnra wọn. Páìpù lè tú gáàsì. Kò lè tún ìlú tò.

27.
Adágún kan tún kù. Kivu, láàárín Rùwáńdà àti Kóńgò. Ó tóbi ju Nyos lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, gáàsì sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn ló ń gbé yí i ká. Ní agbègbè Goma níbẹ̀, àwọn ibì kan wà nínú ilẹ̀ tí gáàsì máa ń dúró sí. Mazuku ni wọ́n ń pè é lédè Swahili, ìyẹn afẹ́fẹ́ burúkú. Wọ́n ti fún un lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ débẹ̀. Rùwáńdà ti ń fa méténì jáde nínú adágún yẹn báyìí, wọ́n ń fi ṣe iná mànàmáná.

28.
Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ rèé. Nyos ò ṣẹlẹ̀ lójijì. Ìtàn àwọn àgbà ti sọ ọ́. Monoun ti fi hàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìkìlọ̀ dé, etí ló di. Ọ̀kan, torí pé arúgbó ló sọ ọ́, kò sí nọ́ńbà níbẹ̀. Èkejì, torí pé èèyàn 37 ní abúlé Áfíríkà kan kì í ṣe ìròyìn.

29.
Torí náà, bẹ́ ẹ bá délé, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè: ibo ni wọ́n ní ká má kọ́lé sí? Odò wo ni wọ́n ní ká má sùn sétí ẹ̀, kí ló sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ẹ má yára sọ pé ìgbàgbọ́ asán ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, kẹ́ ẹ wá fi wé ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ nípa ibẹ̀. Ó lè jẹ́ àlọ́ lásán. Ó sì lè jẹ́ pé òkú àwọn kan tí a ò mọ orúkọ wọn ló ń bá wa sọ̀rọ̀.

Bó bá wúlò fún yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó bá rò pé iná nìkan ni òkè ayọnáyèéfín ń yọ.